Bí mo ṣe rí ekòló tí kò sá kúrò nínú ike mi
Ike ọ̀dà ni mo dá ihò sí nídìí, kí ekòló máa bá mi sọ èèpo iṣu di ajílẹ̀. Mo fi ọkọ́ wú àwọn ńláńlá jáde láàárín ọgbà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti gun ẹ̀gbẹ́ ike jáde, wọ́n gbẹ sórí sìmẹ́ńtì bí okùn bàtà. Mo tún un ṣe, bákan náà ló rí. Àṣé àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kì í fẹ́ inú ike. Àwọn kéékèèké abẹ́ ewé tó ti jẹrà ni kí n wá.

Mo wá gbẹ́ kòtò tí kò jìn ju ìka ọwọ́ lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo da eèrí ògì àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, mo fi páálí tútù bò ó, mo tẹ́ àpò lé e. Mo ń wọ́n omi sí i nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ 9, mo ṣí páálí: àwọn pupa tín-ín-rín lẹ̀ mọ́ ọn! Tòun ti páálí ni mo gbé wọn sínú ike. Ọ̀sẹ̀ 3 rèé, ìkankan ò tíì sá. Àsìkò òjò ni o. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.