Bí mo ṣe ka ilẹ̀kùn nítorí owó ìjọba

Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá ìlú kékeré kan ní Kalifọ́níà. N kì í wọ yunifọ́ọ̀mù, n kì í gbé ìbọn. Fáìlì ni tèmi. Ìyẹn ni wọ́n ṣe gbé ìròyìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ti owó ìrànwọ́ ìpínlẹ̀ kà mí láyà. Ófátáìmù ni owó náà wà fún, fún àwọn ọlọ́pàá wa tó ń bá òṣìṣẹ́ probation ti káúńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ níbí) lọ yẹ àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ wò nílé.

Lójú àwa tá a ti ilé wá, ẹni tí wọ́n bá ti tú sílẹ̀, ó tán nìyẹn. Níbí, kò tíì tán. Ẹni tí adájọ́ ní kó máa gbé ilé rẹ̀ lábẹ́ ojú káúńtì ló wà lórí probation. Ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ dé, parole ni tiẹ̀, òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ló sì ń ṣọ́ ọ. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kún àkúnya, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 2011 pé lápapọ̀, bí wọ́n bá kọ́ àwọn ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ náà fún ènìyàn 100, èrò inú wọn ò gbọdọ̀ ju 137.5 lọ. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni òfin ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AB 109 bẹ̀rẹ̀: àwọn tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn kì í ṣe ti ìwà ipá, tí òfin ò sì kà á sí ńlá, bọ́ sọ́wọ́ káúńtì bí wọ́n bá jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn gbọ́, wọ́n ní Nàìjíríà náà ti ní probation nínú òfin ilé ẹ̀wọ̀n ti 2019. Mo ní ó dáa, ta ló ń san ófátáìmù?

Ìwé àdéhùn ni mo kọ́kọ́ kà, títí dé ẹ̀yìn. Gbólóhùn kan ló le níbẹ̀: owó yìí ò gbọdọ̀ rọ́pò owó tí ìlú ti yà sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ṣí ìwé owó-oṣù, mo bá ọjọ́ iṣẹ́ gidi méjì tí ẹnì kan ti kì mọ́ ófátáìmù. Mo yọ ọ́. Inú Sájẹ́ńtì ò dùn.

Lẹ́yìn náà ni mo wá to ìwé wákàtí ófátáìmù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí wọ́n ń kọ ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn sí. Wọ́n kọ ọ́ pé ilẹ̀kùn mẹ́fà, àmọ́ ní mẹ́ta, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ṣé ìyẹn náà ni ìṣọ́? Àyè kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù fún mi láti kọ nọ́ńbà sí. Mo pe obìnrin tó ń mójú tó wa lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Ó ní kí n ya "a kàn án" sọ́tọ̀ kúrò lára "a bá a" nínú àlàyé. Nọ́ńbà wa já wálẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn, mo bá ní kí Sájẹ́ńtì gbé mi dání lọ́jọ́ kan. Aago mẹ́fà ìdájí. Inú mọ́tò ni mo jókòó sí. Ọkùnrin tó ṣílẹ̀kùn ti wọ bàtà iṣẹ́, ó gbé kúlà oúnjẹ dání. Ìwé rẹ̀ gbà wọ́n láyè láti tú yàrá láìgba àṣẹ adájọ́, wọ́n sì tú u. Ó dúró lórí koríko, ó ń wo fóònù rẹ̀, ó ń wo ìgun títì. Bọ́ọ̀sì kọjá. Kò ké. Nígbà tí wọ́n jáde, ó gbé kúlà náà, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Nínú ìwé: "ọ̀kan, a bá a, kò sí ẹ̀sùn."

Fún fọ́ọ̀mù, iṣẹ́ tó péye nìyẹn, nítorí ilẹ̀kùn ló ń kà. Mo fi ìpínrọ̀ kan kún àlàyé pé kí wọ́n máa lọ nírọ̀lẹ́ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Sájẹ́ńtì ní wọn ò bi wá. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn gan-an ni mo fi ránṣẹ́. Wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀kan nítorí owó epo mọ́tò, mo yọ ọ́, owó wọlé. Nígbà tí Sájẹ́ńtì mú ìwé oṣù mẹ́ta tuntun wá, ó ti fi bírò fa ìlà kan sí i fúnra rẹ̀, ó kọ sí òkè rẹ̀: aago tí a kànlẹ̀kùn.