Àṣìṣe tí àwọn awakọ̀ àjàgbé máa ń ṣe bí wọ́n bá ń wá iṣẹ́ tó sanwó jù

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́. Kò sí ìgbà tí mo gba Kàbà kọjá sí Ọbájánà tí mi ò ní pàdé awakọ̀ tó mọ ọ̀nà Kánò bí ẹní mowó, síbẹ̀ tó ti kówó fún ẹnì kan torí iṣẹ́ tí kò sí, tàbí tó ti fi iṣẹ́ gidi sílẹ̀ torí iye owó kan tí wọ́n pè sí i létí. Kì í ṣe ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ni mò ń bá wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí sítíà ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ tírélà kalẹ̀ ní òkè tẹ́ ẹ ò sì ní fi bíréèkì ṣòfò. Òógùn ojú wa ni owó yẹn.

Àkọ́kọ́, ẹ má sanwó kẹ́ ẹ tó ríṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó bá nílò awakọ̀ ló ń sanwó fún awakọ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú owó fọ́ọ̀mù wá, tàbí owó ìdánwò, tàbí "nǹkan tá a máa fún ọ̀gá", ẹ fi í sílẹ̀. Alárinà tó ń bá èèyàn wáṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ẹ ní kó fi hàn yín.

Ti òkè òkun ló ń jẹ owó àwọn èèyàn wa jù. Ní Ìsánlú, ní Mópà, ní Ẹ̀gbẹ̀, ẹ óò rí ẹni tó ti ta ilẹ̀ torí iṣẹ́ tírélà ní Kánádà. Òótọ́ ni pé wọ́n ń gba awakọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ mú àlejò wá ló máa ń kọ́kọ́ tọrọ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní LMIA, ìyẹn ìwé tí ìjọba Kánádà fi ń gbà kí ilé iṣẹ́ mú òṣìṣẹ́ wá láti ilẹ̀ òkèèrè, 1,000 dọ́là Kánádà ni owó rẹ̀ lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, òfin wọn ò sì gbà kí ilé iṣẹ́ náà gba owó yẹn padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó LMIA, olè ni. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ dé ọ̀hún, láísẹ́ńsì Nàìjíríà ò lè wa tírélà wọn. Ní Ontario, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, láti 2017, ẹni tó bá fẹ́ gba láísẹ́ńsì tírélà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ tó lé ní 100 wákàtí. Amẹ́ríkà ní tiwọn kéde ní oṣù Kẹjọ 2025 pé àwọn dá físà iṣẹ́ fún awakọ̀ akẹ́rù dúró. Ẹni tó bá ṣì ń ta "físà tírélà Amẹ́ríkà" fún yín lẹ́yìn ìkéde yẹn, ẹ mọ ohun tó ń tà.

Ìkejì ló ń bí mi nínú jù: kéèyàn béèrè iye owó oṣù, kó má béèrè nǹkan mìíràn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé iṣẹ́ kan ń san ₦200,000 lóṣù, kò sí owó tíríìpù, ìyẹn owó orí ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan, àmọ́ òun ló ń sanwó fún mọ́tò bọ́ì. Ìkejì ń san ₦100,000, ó wá ń fi ₦40,000 kún un lórí tíríìpù kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin lẹ sì máa fún mọ́tò bọ́ì ní ₦12,000 nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe tíríìpù mẹ́rin lóṣù, ₦260,000 nìyẹn. Ẹ yọ ti mọ́tò bọ́ì, ó ku ₦212,000. Ó dáa. Tó bá wá jẹ́ méjì péré lẹ rí ṣe ńkọ́? ₦156,000 ló máa kù sí yín lọ́wọ́. Ẹni tó ń gba ₦200,000 lọ́wọ́ kan ti gbà jù yín lọ, ó sì ti sùn nílé rẹ̀ ju tiyín lọ.

Nítorí náà, iye tíríìpù ni gbogbo ọ̀rọ̀. Kí ló ń pinnu rẹ̀? Bí ọkọ̀ ṣe máa ń pẹ́ tó lórí ìlà kó tó gbé ẹrù. Iye ọkọ̀ tí wọ́n ní sí iye ẹrù tó wà. Bóyá ẹ máa rí ẹrù gbé bọ̀ tàbí òfìfo lẹ máa wa ọkọ̀ bọ̀, tí wọn ò sì ní san kọ́bọ̀ lórí òfìfo. Mo mọ ẹnì kan ní Ìyàrà tó fi ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ sílẹ̀ torí owó tíríìpù ńlá. Ọkọ̀ tí wọ́n fún un wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ju bó ṣe wà lójú títì lọ. Owó tíríìpù ńlá náà wà nínú ìwé, òun ò rí i ná.

Ẹ béèrè nípa dísẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú: lítà mélòó ni wọ́n ń fún yín lọ sí Kánò, ṣé ó máa ń tó? Ta ló ń ra táyà tó bá bẹ́ lójú ọ̀nà? Bí ẹrù bá dín, orí ta ni? Ilé iṣẹ́ kan tí mo bá ṣe nígbà kan máa ń yọ owó àpò símẹ́ǹtì tó ya lára owó wa láìfi ìwé kankan hàn wá. Àpò á ya níbi tí wọ́n ti ń jù ú sórí ọkọ̀, kí ọkọ̀ tó kúrò ní géètì rárá, awakọ̀ ni yóò san án. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ò sọ bẹ́ẹ̀. Kí agbanisíṣẹ́ tó yọ irú owó bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ní tèmi, mo máa ń ka àpò tó ya kí n tó fọwọ́ sí wéébíìlì, ìyẹn ìwé ẹrù, mo sì máa ń kọ iye rẹ̀ sí i lára níwájú ẹni tó di ẹrù.

Mánijà kọ́ lẹ máa bi ní ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹ lọ síbi tí àwọn awakọ̀ wọn ti ń jẹun, ẹ bá wọn jẹ iyán. Tíríìpù mélòó lẹ ṣe lóṣù tó kọjá? Ìgbà wo lẹ gba owó yín kẹ́yìn? Tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta bá ní wọ́n ṣì jẹ àwọn lówó, ẹ ti rí èsì gbà nìyẹn.

Láísẹ́ńsì: oríṣi tí wọ́n ń pè ní G ni ti àjàgbé. Ẹ tún un ṣe kó tó kú.

Àwọn kan á ní àwọn fẹ́ bọ́ sídìí táńkà torí owó ibẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bí táńkà náà ṣe tóbi tó. Láti March 1, 2025, ìjọba ò gbà kí táńkà tó ń gbà ju 60,000 lítà lọ gbé epo mọ́, àwọn olówó ọkọ̀ kan sì ṣì ń wá awakọ̀ fún irú rẹ̀.

Ẹ má gba ọkọ̀ tẹ́ ẹ ò tíì wọ abẹ́ rẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ká rọ́bà afẹ́fẹ́ bíréèkì rẹ̀ lẹ́yìn, tí wọ́n fi túùbù dì í kí afẹ́fẹ́ má bàa jò. Táyà ibẹ̀ ò ní bíréèkì kankan mọ́ nìyẹn, wọ́n sì fẹ́ kí awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wọ Lọ́kọ́ja pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ rántí Felele ní Lọ́kọ́ja, oṣù Kẹsàn-án 2020, táńkà tí awakọ̀ ò lè dá dúró mọ́, àti àwọn ọmọ ilé ìwé tó wà nínú àwọn tó kú níbẹ̀. Kò sí iye owó tó tó ìyẹn. Ẹ kọ ọkọ̀ náà, kí wọ́n gba ẹlòmíràn.

Ìwé àdéhùn náà ńkọ́? Òfin ní kí wọ́n fún yín kí oṣù mẹ́ta tó pé tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa fi ìdá 10 nínú 100 owó yín sí owó ìfẹ̀yìntì, kẹ́ ẹ̀yin náà fi 8 sí i, kí wọ́n sì ra adójútòfò ẹ̀mí tó tó owó ọdún mẹ́ta yín, ó kéré tán. Àwọn awakọ̀ kì í béèrè eléyìí. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, òun ni ìyàwó àti ọmọ yín máa gbà.

Tẹ́ ẹ bá wá ń lọ, ẹ má pa ọkọ̀ tì sí páàkì kẹ́ ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọlọ́dẹ. Ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìkìlọ̀ oṣù kan; ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé iṣẹ́ tuntun máa pe ti àtijọ́ láti béèrè yín. Ẹ kọ nọ́ńbà táyà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, jáàkì, sípẹ́à, tapólì, iye dísẹ́ẹ̀lì tó wà nínú táǹkì. Kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i, kó kọ déètì, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ìwé náà kẹ́ ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.