Ilẹ̀ amọ̀ tó rọ̀ lábẹ́ ọ̀nà mọ́tò: bí ẹ ṣe máa mú un le

Tí ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà wọlé yín bá ń rì, tí táyà ń la ilẹ̀ síbẹ̀ gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì ra òkúta. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń da òkúta lé ẹrẹ̀, tó bá yá amọ̀ á gbé gbogbo ẹ̀ mì, wọ́n á tún ra òmíì, owó ń ṣòfò, ó sì máa ń dùn mí gan-an torí omi ló ń dá wàhálà yẹn sílẹ̀. Tí amọ̀ bá mu omi á wú á rọ̀, tó bá gbẹ á súnkì á sán.

Omi la máa kọ́kọ́ yanjú. Ẹ la gọ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kó jìn ju ìsàlẹ̀ òkúta lọ, kó sì níbi tó ń dà sí, omi òrùlé náà, ẹ darí ẹ̀ gba ibòmíì.

Ìgbà tílẹ̀ bá gbẹ ni kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ, 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ kó erùpẹ̀ dúdú àti gbòǹgbò kúrò. Ibi tó bá ṣì ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ tún gbẹ́ ẹ kẹ́ ẹ fi òkúta dí i.

Tí amọ̀ yẹn bá ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì, hydrated lime, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń fi òkúta ẹfun ṣe, ló máa ń ràn án lọ́wọ́ jù, ó máa ń jẹ́ kó fọ́ sí wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà á máa le díẹ̀díẹ̀. Kílò 3 sí 6 fún 100 kílò erùpẹ̀ gbígbẹ, ẹ pò ó pọ̀ dáadáa, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì kẹ́ ẹ tún un pò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú àti imú, torí ó ń jó ara, ojú ló sì burú jù. Àmọ́ tílẹ̀ yín bá ní sulphate, ìyẹn irú iyọ̀ kan tó máa ń wà nínú ilẹ̀, ẹ má lo lime rárá o, wíwú ló máa wú, ẹ gbé erùpẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀ kó lè dá yín lójú.

Ó wá ku geotextile, aṣọ tó ń jẹ́ kí omi kọjá tí kì í jẹ́ kí amọ̀ àtòkúta pò pọ̀. Èmi ò lè fo eléyìí láé. Ẹ tẹ́ ẹ, kí etí ẹ̀ gun ara wọn ní 30 sẹ̀ǹtímítà, tílẹ̀ bá rọ̀ gan-an kó tó 60, ẹ má sì wa mọ́tò lórí ẹ̀ láìsí òkúta.

Òkúta ńlá ló máa kọ́kọ́ wọlé, 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi rólà tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀lẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó da òmíì lé e, ẹ wá fi òkúta kékeré tó ní lẹ́búlẹ́bú òkúta nínú parí ẹ̀. Kójú ọ̀nà yẹn dagẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ní sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kan. Ẹ máa kó ìdọ̀tí inú gọ́tà yẹn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.