Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ara wọn: ìdí tí ẹ ò fi ráyè sinmi

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fún ara mi. Ìwé ni mo máa ń tò fún àwọn òǹkọ̀wé kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tara wọn máa ń wá bá mi, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń wà lẹ́nu wọn: "Ẹ̀gbọ́n, ó ti rẹ̀ mí, mi ò ráyè ilé mọ́." Kí n tó dáhùn, wọ́n á ti máa ka ohun tí wọ́n ti rà fún mi: áàpù tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, ìwé ètò olówó ńlá, ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lórí bí a ṣe ń lo àkókò, fóònù kejì. Owó yẹn máa ń dùn mí. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

1. Iye owó tí kò tó

Èyí ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí òun ló bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù. Ẹni tó fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀ á mú owó tó ń gbà tẹ́lẹ̀, á pín in sí wákàtí tó fi ń ṣiṣẹ́, á ní iye tí òun á máa gbà fún wákàtí kan nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. Bó bá jẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀, 2,080 nìyẹn, gbogbo rẹ̀ pátá ni owó oṣù kárí, títí kan ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ àìsàn àti ìpàdé tí èèyàn jókòó sí láì la ẹnu. Tí ẹ bá ti dá dúró, kò sẹ́ni tó máa san ìyẹn fún yín. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún ìsinmi, ẹ yọ méjì fún àìsàn àti ọlidé, ó ku 46. Nínú wákàtí 40 ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó wá oníbàárà, ẹ ó dúnàádúrà, ẹ ó kọ ínfọ́ìsì, ẹ ó sin gbèsè, ẹ ó tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ ó ṣe ìṣirò owó orí. Ká ní wákàtí 24 ló ṣẹ́ kù tí oníbàárà ń sanwó fún. 24 lọ́nà 46 jẹ́ 1,104, ìyẹn lé díẹ̀ ní ìdajì 2,080. Ẹni tó bá wá ń gba owó wákàtí ti àtijọ́, àfi kó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ èèyàn méjì kó tó rí owó tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ibo ló ti fẹ́ rí wákàtí yẹn? Òru ni, òpin ọ̀sẹ̀ ni, àkókò tó yẹ kó fi wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ni. Kò sí áàpù tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́ wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo ní kó mú ìwé tó ń kọ iṣẹ́ sí wá. Ìwé kan tó tò ló wà lójú ewé tó ṣí, wákàtí 20 ló fi dá iye lé e. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí: "Ìpè, ìṣẹ́jú 50. Èèpo ẹ̀yìn, àtúnṣe karùn-ún. Orí kẹta, ó ní ká dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìpè, wákàtí kan." A ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 41. Iṣẹ́ ọmọ náà mọ́, kì í fi àkókò ṣeré. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ló fi ju ìdajì iṣẹ́ náà ṣe.

Ohun tí mo sọ fún un ni mo ń sọ fún yín. Fún oṣù kan gbáko, ẹ kọ gbogbo wákàtí iṣẹ́ sílẹ̀, àti ìpè àti ìrìn. Ẹ sọ iye àtúnṣe tó wà nínú owó náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá lé, owó ni. Ara oníbàárà tuntun ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba iye tuntun. Wọ́n á ní, "Àwọn èèyàn á sá." Àwọn kan á sá lóòótọ́. Àmọ́ tí ẹ bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé owó yín, tí ìdá kan nínú márùn-ún iṣẹ́ yín sì lọ, kọ́bọ̀ kò dín nínú ohun tó ń wọlé, odindi ọjọ́ iṣẹ́ kan á sì bọ́ sí yín lọ́wọ́ lọ́sẹ̀.

2. Fífèsì lóru

Tí ẹ bá ti dáhùn lẹ́ẹ̀kan ní aago mọ́kànlá alẹ́, aago mọ́kànlá ti di àkókò iṣẹ́ yín lójú oníbàárà. Oníbàárà kan wà tó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lóru. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo máa ń fèsì, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, láìtọrọ àforíjì. Ó kọ́kọ́ ráhùn. Nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láàárọ̀, a ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. Tó bá di dandan kí ẹ kọ̀wé lóru, Gmail lè dá a dúró kó lọ láàárọ̀.

Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni òfin ilẹ̀ Faransé ti fún òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti pa ẹ̀rọ iṣẹ́ tì lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn olówó oṣù ni òfin yẹn wà fún. Tiyín, inú àdéhùn tí ẹ bá bá oníbàárà ṣe ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

3. Fífi àìsùn yangàn. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40, ewu kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 jù ú. Wákàtí 55 kò jìnnà o. Mẹ́jọ lójúmọ́, mẹ́ta sí i lálẹ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ó pé.

Ẹ má ṣiṣẹ́ lórí ibùsùn.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgba àsansílẹ̀.

Owó ilé àti owó iṣẹ́, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé wá ńkọ́? Mo ti rí ẹni tó ń jágbe mọ́ ìyàwó àti ọmọ pé wọ́n ń dí òun lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ kò sọ fún wọn rí pé aago báyìí ni òun ń bẹ̀rẹ̀, aago báyìí ni òun ń ṣíwọ́. Wọ́n rí i nílé, wọ́n gbà pé ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún wọn, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀ nígbà tí àkókò ìṣíwọ́ bá tó. Tí ẹ bá ní aago mẹ́fà, tí ọmọ dúró dè yín di mẹ́jọ, kò ní gbọ́ tiyín mọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Èyí tó kù ni ti àwọn tó ní "tí iṣẹ́ bá dẹ̀, màá sinmi." Tí iṣẹ́ bá dẹ̀, iṣẹ́ lẹ ó máa wá kiri, ọkàn yín kò sì ní balẹ̀. Kí ẹ tó kọ iṣẹ́ kankan sínú kàlẹ́ńdà ọdún tuntun, ọ̀sẹ̀ ìsinmi ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sí i, kí ẹ sì ta oníbàárà lólobó ní oṣù kan ṣáájú. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá lè dúró, ẹ fà á lé ẹlẹgbẹ́ yín kan tí ẹ fọkàn tán lọ́wọ́. Tí òun náà bá ń lọ sinmi, ẹ̀yin lẹ ó bá a di tirẹ̀ mú.