Àṣìṣe táwọn tó ń sin ajá máa ń ṣe nídìí oúnjẹ, àti irọ́ tí wọ́n máa ń pa fún wa ní kílíníìkì

Ìbéèrè táwa dókítà ẹranko máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá gbé ajá wọlé ni pé kí ló jẹ láti àná, èsì tá a sì máa ń gbọ́ jù ni "kò jẹ nǹkan kan o dókítà, dọ́ọ̀gì fúùdù ẹ̀ nìkan ló ń jẹ." Kò ní pẹ́ tí ajá á fi bì, eegun adìyẹ á jáde, àlùbọ́sà á tẹ̀lé e, nígbà míì ọ̀rá Indomie odindi. Oúnjẹ yẹn ò bí mi nínú tó irọ́ yẹn, torí irọ́ ló ń jẹ́ ká máa rò ó pé parvo ni, ìyẹn àrùn tó ń mú ajá bì, tó sì ń mú un ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, nígbà tó jẹ́ eegun ló há.

Ẹ jẹ́ n ti ibi àlùbọ́sà bẹ̀rẹ̀ torí kò séèyàn tó kà á sí. Ọbẹ̀ kù, ẹ dà á lé ẹ̀bà, ẹ gbé e fún ajá, ó jẹ ẹ́, inú gbogbo yín dùn. Àlùbọ́sà àti gálíìkì, ì báà jẹ́ tútù, sísè tàbí èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná, ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa ajá jẹ́ ni, kò sì ní hàn lọ́jọ́ yẹn, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kẹ́ ẹ tó rí i pé èrìgì ẹ̀ ti funfun, kò lókun mọ́, ìtọ̀ ẹ̀ pọ́n bíi zobo, nígbà yẹn ta ló tún máa rántí ọbẹ̀? Ẹni tó ń fún un díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ò tíì bọ́ o, díẹ̀díẹ̀ yẹn ń gun orí ara wọn ni.

Eegun adìyẹ sísè náà ẹ fi sílẹ̀. Ó máa ń ya ṣóńṣó ṣóńṣó, ó sì lè lu ìfun. Wọ́n á ní ajá bàbá àwọn jẹ eegun títí tó fi kú. Kí ló wá pa á? Wọn ò mọ̀.

Ibi tó dùn mí jù ni ọmọ ajá. Oúnjẹ gbígbẹ ọmọ ajá yẹ kó ní protein tó ìdá 22 nínú 100 ó kéré tán, gàárì ò ní tó ìdá 3, ẹ sì ń fún un ní ẹ̀bà láàárọ̀, ẹ̀kọ lálẹ́, ikùn ẹ̀ wá yọ bọ̀ǹbọ̀, ẹ ní ó sanra, ẹ ń ya fọ́tò. Kò sanra o, aràn ló kún inú ẹ̀, eegun ìhà ẹ̀ sì ń hàn lábẹ́ irun. Àwọn olówó ní tiwọn, ẹran nìkan ni wọ́n máa ń fún Boerboel wọn, irú ajá ńlá kan, ẹran tí ò léegun ò sì ní calcium tó ń mú eegun le tó, ẹsẹ̀ ọmọ ajá á wá wọ́. Tá a bá sọ fún wọn, wọ́n á lọ ra calcium olómi, wọ́n á máa dà á lé gbogbo oúnjẹ, èyí tó bá sì pọ̀ jù lára ajá ńlá tó ṣì ń dàgbà, eegun náà ló ń bà jẹ́. Tówó dọ́ọ̀gì fúùdù bá wọ́n, ẹ se ìrẹsì tàbí àgbàdo pẹ̀lú ẹja ṣàwá tàbí ẹ̀yìn adìyẹ tẹ́ ẹ ti yọ eegun ẹ̀, ẹ lọ èèpo ẹyin kúnná, ẹ wọ́n díẹ̀ sí i, ẹ má fi ata, Maggi àti àlùbọ́sà sí i. Kẹ́ ẹ sì béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ dókítà yín, ajá ò dọ́gba.

Búrẹ́dì tó ti bu, ẹ̀pà tó ti ń hu funfun, àgbàdo tí òjò pa, ẹ dà á nù. Májèlé aflatoxin tó ń wà nínú ẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀. Láti ìparí 2020 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2021, ajá tó lé ní 110 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gbọ́ pé ó kú níbẹ̀ látàrí oúnjẹ inú àpò tó ní in, ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò nìyẹn o. Ṣokoléètì, gíréèpù, rèsínì inú kéèkì Kérésì, ṣìngọ́ọ̀mù tí ò ní ṣúgà, gbogbo ẹ̀ léèwọ̀ ni.

Ìtọ́jú inú ilé ló wá ń parí ẹ̀. Ajá lá otapiapia tẹ́ ẹ fi pa eégbọn ara ẹ̀, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń dà, ẹ wá ń rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ajá tí ò lè gbé nǹkan mì, epo yẹn á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó wá di ìṣòro méjì. Abẹ́rẹ́ atropine tó ń kojú májèlé yẹn wà, tẹ́ ẹ bá tètè gbé e dé. Ibuprofen tẹ́ ẹ lò fún orí fífọ́ náà, ẹ má fún un, inú àti kídìnrín ẹ̀ ló máa bà jẹ́.

Iṣẹ́ wa náà kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ọdún 6 la fi ń kà á, ní UI tàbí FUNAAB. Parvo ò ní oògùn tó ń pa kòkòrò ẹ̀, dírípù, oògùn èébì àti ẹni tó máa jókòó tì í lóru ni, síbẹ̀ wọ́n á bi ọ́ pé ṣé wàá dá owó padà tó bá kú. Fríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 degree, NEPA ò mọ ìyẹn, epo jẹnẹrétọ̀ la fi ń gbé e, ẹnì kan á wá lọ ra abẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, á tì í bọ àpò láti Mọ́kọ́lá dé Àkóbọ̀ n'Íbàdàn nínú oòrùn, á gún un fún ajá ẹ̀ fúnra ẹ̀, á ní òun ti ṣe vaccine. Irọ́ kejì tá a máa ń gbọ́ ni "kì í géèyàn jẹ o, ó ń ṣeré ni." Ẹ jọ̀ọ́, tó bá ń géèyàn jẹ ẹ sọ, a ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tiwa, ṣùgbọ́n ọwọ́ la fi ń ṣiṣẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ pè ká mọ̀ pé ẹ ti wà lọ́nà, pàápàá tó bá jẹ́ òru. Ẹ ya fọ́tò èébì, ẹ mú ọ̀rá tàbí ìgò nǹkan tó jẹ dání, tó bá sì jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ló bọ́ ọ, ẹ pè é lórí fóònù níwájú wa ká bi í, ẹ sọ fún un pé ẹnì kankan ò ní bá a jà.