Bí a ṣe ń wá ilé yìnyín àtijọ́ kiri ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Kí fíríìjì tó dé, inú ilẹ̀ ni àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́jú yìnyín sí. Bí adágún bá ti dì nígbà òtútù, àwọn lébìrà a gé e, wọn a fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọn a sì kì í mọ́ inú kòtò tí wọ́n fi bíríkì mọ, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dì mọ́ra. Ìgbà ooru ni wọ́n ń bù ú fún ọtí tútù àti áísìkiriìmù. Ọba Charles Kejì ṣe tirẹ̀ sí London ní 1660, àwọn ìjòyè sì wò ó ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn kòtò yìí ṣì wà nínú igbó dòní. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lọ́hùn-ún, tí ẹ máa ń sọ pé kò síbi tí ẹ lè lọ ní Sátidé, bàtà tó nípọn àti sùúrù ni ẹ nílò.

Ẹ kọ́kọ́ wo èyí tó ṣí sílẹ̀

Ẹni tí kò rí ọ̀kan rí kò lè dá a mọ̀ nínú igbó. Ẹ lọ sí London Canal Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní King's Cross. Carlo Gatti, ọmọ Switzerland tó ń ta áísìkiriìmù, ló ni ilé náà ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Norway ni yìnyín rẹ̀ ti ń wá nínú ọkọ̀ òkun, wọn a sì fi ọkọ̀ pẹlẹbẹ gbé e gba Regent's Canal, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ wo kànga ńlá tó ń kó o sí. Ṣùgbọ́n ti oníṣòwò nìyẹn o. Èyí tó jọ ohun tí ẹ máa bá nínú igbó wà ní Kew Gardens àti Ham House, ní London kan náà.

Ẹ ka máàpù

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni National Library of Scotland kó àwọn máàpù àtijọ́ ti Ordnance Survey, àjọ ìjọba tó ń ya máàpù, sí, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wá ilé ńlá kan tó ní ọgbà gbọ̀ọ̀rọ̀, kí ẹ wá fara balẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ adágún rẹ̀: lẹ́tà tíntìntín ni wọ́n fi kọ "Ice House" síbẹ̀. Ẹ gbé máàpù òde òní sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ibi tó bọ́ sí báyìí.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wà ní ìgbèríko. Ní 2018, nígbà tí wọ́n ń kọ́lé ní Regent's Crescent ní London, àwọn awalẹ̀pìtàn tún rí kànga yìnyín kan tí wọ́n ti gbẹ́ láti nǹkan bí 1780. Ó fẹ̀ tó mítà 7.5, ó jìn tó 9.5. William Leftwich tó lò ó lẹ́yìn náà ti háyà ọkọ̀ lọ sí Norway ní 1822 láti lọ kó tọ́ọ̀nù 300 wá.

Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ sọ fún yín

Òkìtì tí igi hù bò ni ẹ ń wá, nítorí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbin igi sí i kí oòrùn má bàa pa á. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sábà máa ń kọjú sí àríwá, ẹ fi kọ́ńpáàsì fóònù wò ó. Lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tó ní ilẹ̀kùn méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n ń ki koríko gbígbẹ sáàárín wọn. Kòtò ló kàn: ó rí bí ẹyin tí a gbé orí ṣóńṣó rẹ̀ sílẹ̀, òrùlé rìbìtì sì bò ó.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni gọ́tà ìsàlẹ̀. Yìnyín tó bá jókòó sínú omi tètè ń yọ́, nítorí náà omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn jáde, ṣùgbọ́n atẹ́gùn gbígbóná kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n wá tẹ gọ́tà náà kọrọdọ kí omi díẹ̀ lè máa dúró dí i lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n máa ń yàn. Ẹ lọ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́ náà, ẹ lè bá ojú gọ́tà.

Ẹ má fi ibi ìsápamọ́ ìgbà ogun Hitler pè é. Ìyẹn sábà máa ń gùn tààrà, kọnkéré sì pọ̀ lára rẹ̀.

Ẹ gbàyè kí ẹ tó wọlé

Ìgbà òtútù, tí ewé ti rẹ̀, ló dára jù láti rí òkìtì. Àmọ́ ìgbà náà gan-an, láti nǹkan bí Novẹ́ńbà sí Máàṣì, ni àwọn àdán ń sùn níbẹ̀, òfin ọdún 1981 sì kà á léèwọ̀ láti dà wọ́n láàmú. Torí náà, ẹ wá a nígbà òtútù, kí ẹ má sì ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ kọ lẹ́tà sí onílẹ̀, kí ẹ bèèrè bóyá àdán wà níbẹ̀, kí ẹ tó padà lọ nígbà ooru.

Ọjọ́ tí ẹ bá ríyè gbà, ẹ má dá lọ. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì méjì dání. Ibi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ parí sí ni kòtò ti bẹ̀rẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn, kò sí ìkìlọ̀. Ẹnu ibẹ̀ ni kí ẹ dúró ya fọ́tò.

Ẹ kọ iye ilẹ̀kùn, ibi tí ẹnu ọ̀nà kọjú sí, àti ipò tí òrùlé wà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí Historic Environment Record, ibi tí wọ́n ń kọ àwọn ohun àtijọ́ àgbègbè náà sílẹ̀ sí. Ẹ má gbé àdírẹ́sì ibi tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́ sórí Facebook. Àwọn ọmọdé lè lọ jábọ́ sínú rẹ̀.