Ìwé àṣẹ ìsédò: àṣìṣe tí àwa ará Kétu kò gbọdọ̀ ṣe

Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ ní Kétu, ní Benin níbí, pé wọ́n máa sé odò Wẹmẹ (Ouémé) lápá ibi tí igbó Dogo wà, láti fi pèsè iná. Ọ̀rọ̀ náà á gbóná, á tún rọlẹ̀. Nítorí pé ó ti pẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ti sọ ọ́ di àlọ́, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Inú ìwé ni ìsédò, tí àwọn èèyàn wa ń pè ní bàráàjì, ti ń bẹ̀rẹ̀, kí katapílà tó dé rárá. Bí katapílà bá fi dé, ohun tí ẹnu wa lè yí padà kò pọ̀ mọ́.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé a máa ń rò pé ìwé kan ṣoṣo ni ìwé àṣẹ. Ẹnìkan á gbé bébà olóǹtẹ̀ wá sí abúlé, á ní ìjọba ti fọwọ́ sí i, gbogbo èèyàn á sì tú ká. Ẹ bi í pé ìwé wo nìyẹn. Ti àyíká wà lọ́tọ̀: mínísítà ló ń fúnni lẹ́yìn tí ABE, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká, bá ti yẹ ìròyìn àyẹ̀wò wò, ìyẹn ìwé tó sọ ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe sí àyíká àti sí àwọn èèyàn. Àṣẹ lílo omi wà, òfin omi ti oṣù kọkànlá ọdún 2010 ló jẹ mọ́ ọn. Àṣẹ láti pèsè iná wà lábẹ́ òfin iná mànàmáná ti ọdún 2020, èyí tí ARE, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ń bójú tó. Ìkéde pé iṣẹ́ náà wà fún àǹfààní gbogbo ìlú tún wà, òun ló ń ṣí ọ̀nà láti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹni tó ní ọ̀kan lọ́wọ́ kò tíì ní ìyókù. Bó bá jẹ́ pé ìwé àṣẹ láti ṣe àyẹ̀wò nìkan ló mú wá, ó lè wá wọn ilẹ̀. Kò ní àṣẹ láti gé kajú yín.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìpàdé. Òfin àyíká wa ti ọdún 1999 fi ààyè sílẹ̀ fún ìpàdé ìtagbangba, níbi tí ará ìlú ti lè sọ tẹnu wọn kí ìjọba tó pinnu. Ààyè ńlá ni. Ṣùgbọ́n mo jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kan rí, lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Wọ́n ka ìwé Faransé fún bíi wákàtí kan, àwọn bàbá wa ń mi orí. Wọ́n pín omi mímu, wọ́n gbé ìwé kiri, kálukú tẹ ìka. Àbúrò bàbá mi náà tẹ̀ ẹ́, ó rò pé wọ́n ń ka iye ẹni tó wá ni. Nígbà tó yá, ìwé yẹn kan náà ni wọ́n ń fi hàn wá, pé gbogbo abúlé ló ti gbà. Ojú bàbá náà kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Nítorí náà, ẹ má tẹ ìka sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà síta fún yín ní èdè yín. Bó bá jẹ́ ìwé ẹni-tó-wá ni, kí wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ gàdàgbà. Ẹ ní kí wọ́n fi ìròyìn àyẹ̀wò sílẹ̀ ní kọ́múùnù ṣáájú ọjọ́ ìpàdé, kí ẹ rán ọmọ yín tó gbọ́ Faransé lọ kà á, pàápàá ojú ìwé tó sọ iye ilé tí omi máa bò àti ibi tí wọ́n ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ̀rọ̀ tí wọn kò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, òun àti ẹni tó dákẹ́ dọ́gba. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ka àkọsílẹ̀ ìpàdé síta, kí ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò gùn. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, ní ìwé tó ń jẹ́rìí sí ẹni tó jogún ilẹ̀ lọ́nà ìbílẹ̀. Kọ́múùnù ni a ti ń gbà á. Ẹ má dúró di ìgbà tí ìròyìn ìsédò bá gbóná kí ẹ tó lọ, nítorí pé ìgbà yẹn ni ìjà ẹbí ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn náà sì ni àwọn ará ìta tó ti gbọ́ ṣáájú yín máa ń wá ra oko yín ní ọ̀pọ̀.

Ìkànìyàn tún ńkọ́? Bí wọ́n bá ti ń ka ilé àti igi, wọ́n máa ń kéde ọjọ́ kan. Ohun tí a bá kọ́ tàbí tí a bá gbìn lẹ́yìn ọjọ́ náà, wọn kò ní san owó rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń gbèrò láti gbin igi kíákíá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ: owó irúgbìn yín ló máa ṣòfò. Ohun tó yẹ kí ẹ bojú tó ni àwọn tí a kì í kà. Obìnrin tó ń din gààrí lórí ilẹ̀ ọkọ, àgbẹ̀ tó ń yá ilẹ̀ dá oko, apẹja, Fúlàní tó ń da màlúù gba etídò kọjá: ìlànà Báńkì Àgbáyé sọ pé kí a ka àwọn náà, bí wọn kò tilẹ̀ ní ìwé ilẹ̀. Kí ẹ sì dárúkọ sàréè àti ojúbọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ètùtù kíkó òkú kúrò níbìkan ní owó tirẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Àbala 22 nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ Benin ti ọdún 1990 sọ pé owó gbà-má-bìínú gbọ́dọ̀ tọ́, kó sì ṣáájú. Ṣáájú ni o! Kì í ṣe ìgbà tí omi bá ti dé orùlé.

Ẹ má jẹ́ kí ó di ọ̀rọ̀ Kétu nìkan. Ẹ̀yin ará Sábẹ̀ wà lókè odò yìí kan náà, omi rẹ̀ sì ń ṣàn gba àfonífojì lọ sí ọ̀sà Nokoué àti ti Porto-Novo. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń dá oko lórí ẹrẹ̀ tí ìkún omi bá fi sílẹ̀. Bí odò kò bá kún mọ́ lásìkò, oko wọn yí padà. Ẹ wo ìsédò Nangbeto lórí odò Mono ní Togo, tí Benin àti Togo jọ ni, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987 pẹ̀lú 65 mẹ́gáwáàtì. Àwọn tó ṣí kúrò nítorí rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Odò Mono tó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń ṣàn yípo ọdún báyìí, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Grand-Popo, níbi tí odò náà ti ń wọ òkun. Ẹ pè àwọn ará ìsàlẹ̀ sí ìpàdé yín.

Ó ku ti iná. Àwọn èèyàn gbà pé bí a bá ti sé odò, iná á tàn nínú abúlé. Iná tó bá ti ibẹ̀ jáde, orí wáyà ńlá ló ń wọ̀. SBEE, ilé iṣẹ́ iná Benin, ló ń pín in fún ilé, abúlé tí wáyà kò dé á máa wò ó lókè tó ń kọjá lọ. Bí ẹ bá fẹ́ iná, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ abúlé yín àti ọdún tí wáyà máa débẹ̀ sínú ètò ìbójútó àyíká àti àwùjọ tó ń bá ìwé àṣẹ àyíká rìn, kí mínísítà tó buwọ́ lù ú.